Òdòdó Aláwọ̀ Aró Tó Borí Òwú ní Texas

Ẹ̀yin ará Houston àti Dallas, ẹ mọ òdòdó tí mò ń wí. Láti oṣù Kẹta dé oṣù Kẹrin, etí títì á kún fún un, àwọ̀ rẹ̀ á dà bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró. Bluebonnet ni wọ́n ń pè é. Ọmọ onílẹ̀ ni ní Texas, ẹnì kan ò gbé e wá láti òkè òkun bí àwa.

Lọ́dún 1901, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà jókòó láti yan òdòdó kan. Àwọn kan ní òwú ni kó jẹ́. John Nance Garner, tó di igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, ń polongo fún cactus, débi tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Cactus Jack. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Colonial Dames ló ti bluebonnet lẹ́yìn, tiwọn ló sì wọlé. Tèmi o, inú mi dùn pé òwú ò wọlé. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 ni wọ́n ka ìkéde òmìnira àwọn ẹrú ní Galveston, ọdún 36 péré ṣáájú. Àwọn tó já òwú lábẹ́ pàṣán ṣì wà láyé nígbà náà!

Oríṣi kékeré tó ń hù nínú iyanrìn ni òfin dárúkọ. Àwọn aráàlú ní èyí tó tóbi ló dára jù. Wọ́n fà á títí di 1971, kí òfin tó gba gbogbo oríṣi wọlé.

Ẹbí ẹ̀wà ni, àmọ́ ẹ má sè é o, májèlé ni. Bíi ti ẹ̀wà, bakitéríà inú gbòǹgbò rẹ̀ ń fa nitrogen láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa nílẹ̀ olókùúta tí kò lọ́ràá. Oòrùn ló fẹ́. Omi tó dúró sójú kan ló ń pa á. Ìgbà ìkórè ló ń hù, ewé rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Àmì funfun wà lára òdòdó rẹ̀; tó bá ti gbó, àmì náà á pọ́n, oyin á sì kọjá lọ sí èyí tó ṣì funfun.

Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa kọ lẹ́tà sí mi lóṣù Kẹrin pé kí n gé koríko. Ọdún kan ṣoṣo ni òdòdó yìí ń gbé. Ẹni tó bá gé e kí èso rẹ̀ tó gbẹ kó sì fọ́nká, ó ti gé tọdún tó ń bọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú títì ìjọba gan-an ń dúró dè é. Mo fèsì pé ó di ìparí oṣù Karùn-ún.