Ọlọ Àwọn Mọ́ńkì Létí Odò Skell

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi kí n ro ìyanu kan fún yín, irọ́ kò sì sí níbẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1132, nígbà tí òtútù ń gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́ ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́ńkì 13 wọ àfonífojì odò Skell. Wọ́n ti ya kúrò lára àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ìlú York, nítorí ìgbé ayé ibẹ̀ ti rọrùn jù lójú wọn. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thurstan ló fún wọn nílẹ̀. Ilẹ̀ wo? Àpáta àti ẹ̀gún! Abẹ́ igi elm ńlá kan ni wọ́n sá sí, nígbà tí ìyàn sì dé, ewé igi ni wọ́n ń sè jẹ.

Ìtàn wọn sọ pé arìnrìn-àjò kan wá tọrọ búrẹ́dì lọ́jọ́ kan. Búrẹ́dì méjì àti ààbọ̀ péré ló kù nílé. Richard, ọ̀gá wọn, ní kí wọ́n fún un ní odidi kan, kí àwọn òṣìṣẹ́ jẹ ìyókù, kí àwọn mọ́ńkì máa wojú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí ẹrù búrẹ́dì fi dé láti ọ̀dọ̀ ìjòyè tó ń ṣàkóso ilé olódi Knaresborough!

Ẹni tí ebi ti pa rí kì í fi oúnjẹ ṣeré. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti fi òkúta kọ́ ilé ọlọ. Wọ́n ya omi Skell sí kòtò, omi ń ti kẹ̀kẹ́ ńlá, kẹ̀kẹ́ eléyín ń gbé yíyí náà lọ sókè. Ìyá ọlọ sùn jẹ́ẹ́, ọmọ ọlọ ń pòyì lórí rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, ìyẹ̀fun àlìkámà sì ń dà jáde bí eérú funfun.

Ní 1539, Ọba Henry Kẹjọ fòpin sí ilé àwọn mọ́ńkì náà, tí à ń pè ní Fountains. Wọ́n tú òjé orí òrùlé ilé ìsìn lọ. Ọlọ ńkọ́? Ó ń lọ nìṣó. Lójú tèmi, ẹni tó lé mọ́ńkì náà ṣì fẹ́ jẹ búrẹ́dì. Títí di 1927 ló ń lọ ọkà!

Bí ẹ bá tọ odò náà láti ìhà Ripon lónìí, tí ẹ gba àárín àwọn àgbọ̀nrín inú ọgbà Studley Royal kọjá, ẹ ó rí ilé ìsìn gàgàrà tí ojú ọ̀run ti di òrùlé rẹ̀. Ẹ tún rìn díẹ̀ sí i. Ilé ọlọ wà níbẹ̀, òrùlé rẹ̀ pé, omi Skell sì ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.