Ooru Tí Tẹmọ́mítà Kò Rí

Bí a bá gbé yìnyín ka iná, tí a ń rò ó, tí tẹmọ́mítà sì wà nínú rẹ̀, iná á máa jó, yìnyín á máa yọ́, àmọ́ tẹmọ́mítà kò ní kúrò lójú òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius títí yìnyín á fi yọ́ tán. Níbo ni ooru yẹn ń wọ̀ sí? Joseph Black, olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ló wá ìdáhùn rí ní nǹkan bí ọdún 1761.

Ó mú ìgò róbótó méjì tí kò yàtọ̀ síra, ó bu omi tó dọ́gba sí wọn. Ó jẹ́ kí ọ̀kan dì. Èkejì tutù débi pé ó kù díẹ̀ kó dì. Ó wá so méjèèjì rọ̀ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan tó wà ní dígírì 47 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Láàárín ààbọ̀ wákàtí, omi tutù náà ti kúrò ní 33, ó ti dé 40. Yìnyín ńkọ́? Wákàtí mẹ́wàá àtààbọ̀ ló gbà kó tó yọ́, kó sì dé 40. Bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kan náà ló yí wọn ká! Black ṣírò pé ooru tó bá yíyọ́ yìnyín lọ lásán ì bá gbé omi gòkè ní nǹkan bíi dígírì 140. Ó pè é ní ooru tó fara sin.

Ìwọ̀n ìgbóná ń sọ bí nǹkan ṣe gbóná tó. Kò sọ iye ooru tó wọ inú rẹ̀.

Ní 1764, James Watt, tó ń tún irinṣẹ́ ṣe ní yunifásítì yẹn, rí i pé èéfín omi híhó díẹ̀ ń mú omi púpọ̀ gbóná ju bó ṣe rò lọ. Black ló là á yé e. Kí omi tó ti ń hó tó di èéfín tán, ooru tó ń gbà ju ìlọ́po márùn-ún èyí tó gbé e láti òdo dé 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìdí nìyí tí èéfín tó bù sọ́wọ́ ẹni tó ṣí ìkòkò fi ń jóni burúkú: bó ṣe ń padà di omi lára awọ, ibẹ̀ ló ń tú gbogbo ooru náà sí.

Òótọ́ ni pé Black fara mọ́ èrò pé ooru jẹ́ ohun kan tó ń ṣàn, èyí tí iṣẹ́ onímọ̀ físíìsì James Joule já ní koro ní àwọn ọdún 1840. Ìyẹn kò ní ká fojú kéré iṣẹ́ rẹ̀. Èrò yẹn wó, òǹkà rẹ̀ dúró: dígírì 144 ni òde òní fi rọ́pò 140 rẹ̀.