Ìtàn 5N-ABD, VC10 Kan Ṣoṣo tí Nàìjíríà Rà

Bàálù 5N-ABD ni VC10 kan ṣoṣo tí Nigeria Airways fi owó ara rẹ̀ rà. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969 ni ó di ti Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di ogúnjọ́ oṣù Kọkànlá ọdún náà, ó ti já sínú igbó ní àríwá Ìkẹjà, gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ sì ti kú. Oṣù méjì kò pé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irú ọkọ̀ yìí àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, nítorí ojú ọ̀nà Áfíríkà gan-an ni wọ́n ṣe é fún.

Ní nǹkan bí ọdún 1957, BOAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bàálù jẹ́ẹ̀tì tí yóò lè máa ná Kánò, Èkó, Nàìróbì àti Johannesburg. Ooru àti òkè ni ìṣòro ibẹ̀. Bí ilẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó ga, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á fúyẹ́: ìyẹ́ bàálù kò ní rí ohun tí yóò gbé e tó, ẹ́ńjìnnì pàápàá kò ní lágbára bó ṣe yẹ. Ooru Kánò kì í ṣe kékeré. Nàìróbì sì ga ju mítà 1,600 lọ. Boeing 707 ìgbà náà ní láti sáré jìnnà kó tó lè gbéra, rọ́ńwè púpọ̀ ní Áfíríkà kò sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Vickers, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe bàálù, ló gba iṣẹ́ náà, BOAC sì ní kí wọ́n ṣe VC10 35 fún òun ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1958.

Vickers kó ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce Conway mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Kò wá sí ohun tó so rọ̀ mọ́ ìyẹ́ mọ́, wọ́n sì ráyè fi abala tí ń nà jáde sí etí rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Bí páílọ́ọ̀tì bá na àwọn abala yìí, ìyẹ́ á fẹ̀ sí i, á tẹ̀ sí ìsàlẹ̀, bàálù á sì lè gbéra tàbí kó balẹ̀ láì sá eré àsápajúdé. Ìyẹ́ kékeré ìdí rẹ̀ wà lókè téńté ìrù, kúrò lójú èéfín ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ariwo wà, èrò tó jókòó níwájú lè bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tí èrò fi fẹ́ràn VC10 nìyẹn.

Èyí tó wá di 5N-ABD ni VC10 kejì tó fò láyé, òun sì ni àkọ́bí nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ BOAC. Nọ́ńbà 804 ni Vickers fún un ní Weybridge. G-ARVA ni wọ́n fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1962 ni ó kọ́kọ́ fò. Àmọ́ iṣẹ́ àdánwò ni wọ́n fi í ṣe, ìyẹn ni àwọn àbúrò rẹ̀ fi wọ iṣẹ́ èrò ṣáájú rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1964 ni VC10 kọ́kọ́ gbé èrò tó sanwó, láti London wá sí Èkó ni. Kì í ṣe New York, kì í ṣe Sydney. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni G-ARVA ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ BOAC.

Ó lo nǹkan bí ọdún márùn-ún níbẹ̀. Láàárín àkókò náà, ìdí tí wọ́n fi ṣe VC10 ti ń yẹ̀. Oríṣiríṣi ìjọba ti fa rọ́ńwè wọn gùn, 707 tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ sì ti jáde. Ó wá ku bàálù tí ń mu epo púpọ̀ nítorí rọ́ńwè kúkúrú tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Gbogbo VC10 tí wọ́n ṣe kò ju 54 lọ.

Nàìjíríà náà ti ní VC10 lọ́kàn. WAAC, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946 fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia, ti tú ká. Ilé-iṣẹ́ ti Nàìjíríà, tó wá di Nigeria Airways, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1958, ìjọba àpapọ̀ sì gba gbogbo rẹ̀ ní 1961. Wọ́n fẹ́ ra VC10 tuntun méjì, owó kò jẹ́. Ọkọ̀ BOAC ni wọ́n ń yá. Nígbà tí wọ́n sì máa rà, G-ARVA tó ti di àlòkù ni, ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́.

Ìrìn àjò 825 ni ìkẹyìn 5N-ABD. Ó gbéra ní London, ó yà ní Rome, ó yà ní Kánò, Èkó ló kù. Èrò 76 àti òṣìṣẹ́ 11 ló gbé. Àríwá ni ó ti ń bọ̀ wá bà lé rọ́ńwè 19, ó ku nǹkan bí kìlómítà 13 kó débẹ̀, ni ó kọlu igi, tó fọ́, tó sì gbiná. VC10 kò pa èèyàn rí ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ tí ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn bàálù kò ṣiṣẹ́, nítorí náà àwọn olùwádìí kò lè fi gbogbo ẹnu sọ ohun tó fà á. Èyí tí wọ́n rò pé ó ṣeé ṣe ni pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ga tó gan-an, wọ́n sì jẹ́ kí ọkọ̀ relẹ̀ jù nígbà tí wọn kò tíì rí ilẹ̀. Irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà. Ẹ̀rọ tí ń ké sí awakọ̀ pé ilẹ̀ ti sún mọ́ kò tíì di dandan. Àárín àwọn ọdún 1970 ni Amẹ́ríkà tó pàṣẹ rẹ̀ fún bàálù ńlá.

Nígbà tó yá, 707, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ dé ní 1971, àti DC-10 ni Nigeria Airways ń gbé lọ sókè òkun.

Ghana náà ra VC10 méjì. 9G-ABO pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n 9G-ABP, tí wọ́n fi yá Middle East Airlines, ni àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì bà jẹ́ ní Beirut ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1968. VC10 méjì tó kọ́kọ́ ṣòfò láyé, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni méjèèjì. Ní ti àwọn àbúrò G-ARVA ní BOAC, márùn-ún lọ sọ́dọ̀ Gulf Air, lẹ́yìn náà ni iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n di ọkọ̀ tí ń fún bàálù mìíràn lépo lójú òfurufú. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni iléeṣẹ́ náà fi VC10 sílẹ̀. G-ARVM ṣì wà ní Brooklands ní Weybridge, kò ní ìyẹ́ mọ́. G-ARVF wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Hermeskeil, ní Jámánì.