Samuel Johnson, Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ tí Kò Gbàgbé Olùkọ́ Rẹ̀

Nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ bá pé jọ sí ibi kan, kì í pẹ́ kí a tó dé orí pípe orúkọ àwọn tí ó ti sùn. Akọ̀wé a dìde, a ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé a pa rọ́rọ́. A kọ orin kan, a sì tún jókòó. Mo ti wà nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, mo sì ti ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ọdún bí mẹ́ta, àwọn ọ̀dọ́ tí ó jókòó lẹ́yìn a máa bi ara wọn léèrè pé, "Ta ni ẹni yìí?" Orúkọ ni a fi lé wọn lọ́wọ́, a kò fi ìtàn tí ó wà lára orúkọ náà lé wọn lọ́wọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó kú ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 1901. Ó ṣòro kí a tó rí olùkọ́ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò pọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ni, ẹni tí ó kọ ìwé Ìtàn Àwọn Yorùbá.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni a bí i sí. Ìlú Hastings ní Sàró ni a bí i sí, ní ọdún 1846. Bàbá rẹ̀, Henry Erúgúnjìnmí Johnson, ìran Aláàfin Abíọ́dún, wà lára àwọn tí òwò ẹrú gbá kúrò ní ilé, tí a sì dá sílẹ̀ ní Sàró. Ní òpin ọdún 1857 bàbá yìí kó aya àti àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sì forí lé Ìbàdàn, láti wá ran Àlùfáà David Hinderer lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìhìnrere. Ará Jámánì ni Hinderer, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ C.M.S. ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó rán an. Ó kọ́kọ́ dé Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna aya rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìyá yìí dá sílẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀ lónìí. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Inú ilé oyinbo gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń gbé. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, "Ìyá" ni wọ́n sì ń pe Anna Hinderer. Inú agbo ilé yìí ni Samuel bọ́ sí, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún méjìlá.

Kò ju ọdún méjì lọ tí wọ́n dé tí ogun Ìjàyè fi bẹ́ sílẹ̀, ní 1860. Ìbàdàn kọjú ìjà sí Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè. Àwọn Ẹ̀gbá jáde láti gbè é. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú náà sì dí. Ohunkóhun tí ó yẹ kí ó ti etí òkun wá, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe oògùn, kò rí ọ̀nà kọjá. Owó ẹyọ tán nínú ilé Kúdẹtì. Ìyá Hinderer bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun èlò ilé rẹ̀ jáde fún títà díẹ̀díẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí oúnjẹ jẹ. Ebi kan náà ni ó pa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n lè lé àwọn ọmọ padà sí ilé wọn, kí ẹnu tí wọn yóò bọ́ lè dín, ṣùgbọ́n wọn kò lé wọn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni Johnson ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí ó jinlẹ̀ jù lọ, kì í ṣe láti inú ìwé ABD. Nígbà tí ó di àgbàlagbà tí ó ń kọ ìtàn ogun náà, kì í ṣe ohun tí a sọ fún un nìkan ni ó kọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ogun ká mọ́ inú ilé ni.

Ní 1863 ó lọ sí Abẹ́òkúta, sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ tí Àlùfáà G. F. Bühler, ará Jámánì mìíràn, ń ṣe olórí rẹ̀. Kí òǹkàwé ro èyí wò: Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn kò tí ì parí ìjà wọn, ọmọ tí ó ti Ìbàdàn wá sì ń kàwé ní ìlú Ẹ̀gbá. Bühler kò fi ẹ̀kọ́ mọ sí kíka Bíbélì àti títẹ̀lé ìlà nínú ìwé kíkọ. Ìtàn àwọn orílẹ̀-èdè àti bí ilẹ̀ ayé ti rí wà nínú ohun tí ó kọ́ wọn. Bóyá lórí ìjókòó yẹn ni Johnson ti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé, nígbà tí Róòmù ní ìtàn, tí Gíríkì ní ìtàn, tiwa dà?

Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1865, ní 1866 ó sì di olùkọ́ ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn Hinderer fi Ìbàdàn sílẹ̀, nítorí ara wọn kò le mọ́. Ìyá Hinderer kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Fún ọdún púpọ̀ kò sí oyinbo tí ó wá jókòó sí ipò wọn. Àwọn tí wọ́n tọ́ ni ó di iṣẹ́ náà mú: Daniel Olúbí, tí ó bá wọn ti Abẹ́òkúta wá ní 1853, W. S. Allen, àti Johnson. Àwa tí a ń kọ́ni mọ̀ pé ọmọ tí ń yin olùkọ́ ní ojú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí olùkọ́ bá ti re ibi tí kò ní padà wá, tí kò sí ẹni tí yóò kọ ìwé ẹ̀rí fúnni mọ́, ni a ń mọ èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn.

N kò ní pẹ́ lórí iṣẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọba àti àwọn ológun, nítorí àwọn ìwé ìtàn sọ ọ́ dáradára. Aláàfin Adéyẹmí rán an sí Gómìnà ní Èkó nígbà tí ogun Kírìjì ń jà. Ní 1886, òun ni Gómìnà Moloney rán sí ibùdó Ìbàdàn, tí a sì rán Àlùfáà Charles Phillips sí ibùdó Èkìtìparapọ̀, kí wọ́n lè bá àwọn méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ọdún kejì rẹ̀ ni ó lọ ṣe àlùfáà ìjọ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí ó wà níbẹ̀ ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó máa ń dùn mọ́ mi láti rò. Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Olùkọ́ tí ó ti kàwé ní Abẹ́òkúta ti ṣí lọ sí Èkó lẹ́yìn Ìfọ́lé ọdún 1867. Ní 1896 ó tún ṣí wá sí Ọ̀yọ́, a sì wá mọ̀ ọ́n sí St. Andrew's. Àwa yòókù ni a máa ń padà lọ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní ti Johnson, ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó wá bá a ní ilé.

Ní 1897, ní Ọ̀yọ́ yìí kan náà, ó parí ìwé rẹ̀. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó jókòó ti àwọn arókin fún ìtàn àtijọ́. Ó bi David Kúkọ̀mí, àgbà ìjọ Ìbàdàn tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ jagunjagun rí. Ó bi Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ. Ó bi Josiah Oní. Àwọn àgbà ń kú lọ, ó sì rí i pé àwọn ọmọ tí ó kàwé mọ ìtàn ilẹ̀ òkèèrè ju ti ilé bàbá wọn lọ. Àwọn kan máa ń wí pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oyinbo ni ó mú kí ọmọ wa kẹ̀yìn sí ilé. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ Kúdẹtì yìí gba kálámù lọ́wọ́ olùkọ́, ó sì fi kọ orúkọ àwọn Aláàfin sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ta ni ó wá ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún? Kì í ṣe Aláàfin, kì í ṣe Gómìnà tí ó rán an ní iṣẹ́. Ìrántí David Hinderer ni ó yà á sọ́tọ̀ fún. Olùkọ́ náà ti kú ní 1890, ọdún méje kí ìwé tó parí. Kò lè kà á; kò sì lè san oore padà fún ẹni tí ó kọ ọ́.

Ìwé náà ní àbùkù tirẹ̀. Ojú Ọ̀yọ́ ni Johnson fi wo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, àwọn Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀ṣà sì ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ó dùn mí pẹ̀lú pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́. Síbẹ̀ kò bo ìkà tí àwọn ológun Ìbàdàn ṣe mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ìbàdàn ni ó tọ́ ọ dàgbà.

Ohun tí ó bá ìwé náà lẹ́yìn èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn mìíràn. Ní 1899 a fi í ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tẹ ìwé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Johnson kú, kò sì rí i mọ́. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó, ni ó ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916 ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam ní ojú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Ìwé tí a yà sọ́tọ̀ fún ọmọ Jámánì, àwọn ọmọ Jámánì ni ó mú un ní ìgbèkùn! Ó pẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ àwọn òǹtẹ̀wé; ní 1921 ni ó tó jáde. Oníṣègùn náà ti kú ní 1920. Nínú gbogbo àtúnkọ yìí, Obadiah kò fi orúkọ tirẹ̀ sí ipò òǹkọ̀wé. Ó fi í sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì jẹ́ kí orúkọ Hinderer wà ní iwájú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fẹ́.

Ní ọdún tí ó kọjá mo mú ìwé náà wọ inú kíláàsì láti ka ìtàn Ọ̀rányàn fún àwọn ọmọ. Bí mo ti ń ṣí i, ọmọkùnrin kan tí ó jókòó níwájú rí ojú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ náà, ó sì na ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́, ta ni Hinderer?" Mo pa ìwé dé. A kò dé ọ̀dọ̀ Ọ̀rányàn ní ọjọ́ náà; Kúdẹtì ni a ń sọ títí agogo fi lù.