Ṣéńjì Ìyá Aláṣọ

Aago márùn-ún ìdájí, Òjòó, Ìbàdàn

Ilẹ̀ ò tíì mọ́, àwọn agbèrò ti ń lọgun. "Berger! Berger! Ó ku ẹnì méjì!" Irọ́ ni. Ọkọ̀ náà ṣófo gbáláú. Àwa mẹ́ta la wọlé: èmi, ọmọ Ọ̀fà tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, àti ọmọbìnrin Ìlárá kan tó ń ka ètò ọrọ̀ ajé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni, ìdíje òwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ là ń bá lọ sí Yábàá. Ohun tí a kọ sínú ìwé tiwa ni pé a óò ṣe áàpù kan tí yóò máa bá akẹ́kọ̀ọ́ wá yàrá. Ẹ má da ara yín láàmú nípa ìyẹn. Àwọn adájọ́ náà ò dá ara wọn láàmú.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ọkọ̀ tó kún.

Aago méje ààbọ̀, Kara

Láti 1978 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn yìí, gbogbo rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí kìlómítà 127 lọ. Ọdún 2013 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, iṣẹ́ ti dé ẹ̀gbẹ́ afárá Kara, ọkọ̀ wá tò gbọọrọ bí èèrà. Ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà tí à bá wọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Ó di 2021 kí wọ́n tó ṣí i. Ní ọjà Kara lápá ọ̀tún wa, àwọn màlúù ń rìn. Àwa ò rìn.

Ọmọ kan tó ń ta gàálà sún mọ́ fèrèsé. Mo na ₦500 sí i, ó kó gàálà mẹ́ta fún mi, ni ọkọ̀ bá ṣí lójijì. Ọmọ náà sá tẹ̀ lé wa, ó fi eyín já ₦100 kan kúrò láàárín ìka rẹ̀, ó tún fa òmíràn yọ, ó jù wọ́n lé mi lẹ́sẹ̀, kò sì dín kọ́bọ̀ kan. Ọmọ Ìlárá ń wò ó títí ó fi pòórá sáàárín ọkọ̀. Ó ní: "Báwo ni ọmọ yìí ṣe máa ń ní ṣéńjì, tí kọ̀ńdọ́ kì í ní?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ebi ń pa wá.

Aago mẹ́wàá, Berger

Dánfó sí Yábàá. Ẹ mọ orin wọn: "Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o! Mi ò ní ṣéńjì o!" ₦250 lẹ́nì kan. Èmi ni mo san tàwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹgbẹ̀rún kan náírà sì ni mo ní lọ́wọ́. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó gbé ẹrù aṣọ lé itan, fún kọ̀ńdọ́ ní ₦500. Kọ̀ńdọ́ jẹ wá ní ₦250, ó jẹ obìnrin náà ní ₦250.

Kí ni kọ̀ńdọ́ ṣe? Ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ni. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Yábàá, ó tẹ ₦500 obìnrin náà padà sí i lọ́wọ́, ó nàka sí mi. "Mo ti so yín pọ̀ o." Ó kọjú sí ẹlòmíràn.

Ẹni tí wọn ò bá so pọ̀ mọ́ àjèjì rí kò tíì mọ ìgbéyàwó tipátipá. A jọ ń rìn kiri, èmi àti ìyá aláṣọ, à ń bẹ elépà, à ń bẹ ọlọ́sàn. Kò sẹ́ni tó fẹ́ já owó fún ẹni tí kò rajà. Ó wo oòrùn, ó wo ẹrù rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ti pẹ́. Wọ́n ń dúró dè mí ní Tẹ̀júoṣó. Fún mi ní nọ́ńbà ẹ, màá fi káàdì ìpè rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ."

"Kò burú, Mà."

Mo kọ nọ́ńbà mi sẹ́yìn páálí gàálà. Ọmọ Ọ̀fà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní mo ti fi owó wa ta ìyá lọ́rẹ.

Aago mọ́kànlá kọjá

A pẹ́. Wọ́n ti pè wá, wọ́n ti fò wá. A bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún wa ní ìṣẹ́jú márùn-ún. A pàdánù.

Aago méjì ọ̀sán, ibùdókọ̀ Yábàá

A jẹ ẹ̀wà àgànyìn, ara wá balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ alágàálà ṣì ń jẹ ọmọ Ìlárá lọ́kàn, ló bá lọ bá kọ̀ńdọ́ kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró kó kún.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ṣéńjì máa ń lọ?"

Ọkùnrin náà wò ó bóyá èébú ni. Nígbà tó rí i pé ó ti mú bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. Bó bá gbéra ní Berger, agbèrò. Ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé e, agbèrò. Ó ka ọwọ́ mẹ́fà kó tó dé Yábàá. "Ṣé ẹ rò pé wọ́n á gba ẹgbẹ̀rún lọ́wọ́ mi kí wọ́n fún mi ní ṣéńjì? Owó kéékèèké ni wọ́n ń gbà. Ohun tí ẹ̀ ń san fún mi ni mò ń san fún wọn."

Obìnrin kan jókòó sí òdìkejì lábẹ́ agbòòrùn, báàgì ní ìdí rẹ̀. Ṣéńjì lòun ń tà. Mú ₦1,000 wá, gba ₦950 owó kéékèèké. Kọ̀ńdọ́ yìí ní òun ń rà á ní àràárọ̀.

Ọmọ Ìlárá mọ ọjọ́ orí owó Nàìjíríà bí ẹni mọ orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀: ₦100 jáde ní 1999, ₦200 ní 2000, ₦500 ní 2001, ₦1,000 ní 2005. Lójú tiẹ̀, bí owó bébà ṣe ń tóbi tó, ọ̀nà láti ibùdókọ̀ kan sí èkejì ò gùn sí i. Ní 2007, Báńkì Àpapọ̀ ṣe kọ́ìnì náírà méjì. Ta ló ti rí i lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́?

Mo rántí ìyá aláṣọ. Mo ní: tí kọ̀ńdọ́ bá di owó bébà rẹ̀ mú fún agbèrò, tó wá san ṣéńjì èrò ní owó ìpè ńkọ́? Ọmọ Ọ̀fà dẹ́kun ẹ̀rín. Àwọn tó ń ta owó ìpè máa ń rí ẹ̀dínwó lórí rẹ̀. Ẹ̀dínwó yẹn lè di ti kọ̀ńdọ́, kó má ra ṣéńjì mọ́.

Kọ̀ńdọ́ yọ fóònù onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Èyí ni mo ní. Ta ló máa tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá fún èrò kọ̀ọ̀kan nígbà tí mo rọ̀ mọ́ ilẹ̀kùn?"

Kí èrò tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ọmọ Ọ̀fà ní, kí a kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sẹ́yìn ìjókòó. Kọ̀ńdọ́ bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé ẹgbẹ̀rún làwọn fún òun! A ní ó dáa, kí kọ̀ńdọ́ náà tẹ ẹyọ nọ́ńbà kan láti jẹ́rìí sí i. Kọ̀ńdọ́ ronú díẹ̀. "Ẹyọ kan, mo lè fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹn." Ọkọ̀ kún, ó fò mọ́ ọn.

A ti kọ ojú ìwé mẹ́rin. Fún ti ìdíje, oṣù méjì gbáko la fi kọ mẹ́ta.

Aago méje alẹ́, ọ̀nà Ìbàdàn

Ọmọ Ọ̀fà tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó fẹ́ràn jù, ti Drew Houston tó wọ bọ́ọ̀sì láti Boston lọ sí New York, tó gbàgbé filáàṣì rẹ̀ sílé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó di Dropbox nínú ọkọ̀. Mo sọ fún un pé ẹni tó ráyè ṣí kọ̀ǹpútà nínú bọ́ọ̀sì, kò wọ irú tiwa.

Lẹ́yìn náà ló wá ìròyìn kan jáde lórí fóònù tó bà wá lọ́kàn jẹ́ díẹ̀: ní Kẹ́ńyà, Google àti Equity Bank ti gbé káàdì BebaPay jáde ní 2013 kí èrò máa fi san owó ọkọ̀. Ní 2015 ó ti kógbá sílé. Owó tó ń wọ àpò wọn lójoojúmọ́ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń fẹ́. Ọmọ Ìlárá gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà sábẹ́ "agbèrò" lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní àwọn yẹn gba owó lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́, àwa fi í sílẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ náà ò jọra. Ọmọ Ọ̀fà ní ó jọra. Wọ́n jà á títí a fi kọjá Ṣágámù.

Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, Ògèrè

Fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni, àwọn òǹkà káàdì gígùn nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. ₦200 wọlé.

Mo pè é, owó rẹ̀ náà ni mo fi pè é. Ariwo ọmọdé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń bú ẹnì kan pé kó pa iná ìkòkò.

"Ẹ ṣeun, Mà. Ó ti wọlé."

"Ọmọ mi, má bínú sí àádọ́ta náírà tó kù. Ẹni tó ta káàdì fún mi ni ò ní ṣéńjì."