Ojú àti Òǹkà Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Charles Reep, aṣírò-owó nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà pé ojú nìkan tó. Ní 1950, níbi tí ó ti ń wo Swindon Town, ó fa pẹ́ńsù yọ, ó ń kọ gbogbo ìkọlù sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí i pé nínú 100 góòlù, bí 80 ló wọlé láìjẹ́ pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù síra wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Ó ní kí wọ́n máa gbá a síwájú kíákíá. Ṣùgbọ́n nínú 100 ìkọlù, irú wọn lé ní 90! Bí 90 bá mú 80 wá, tí 10 mú 20 wá, èwo ló lérè jù? Òǹkà kò purọ́. Ẹni tí ó kà á ló ṣì í kà.