Ẹsẹ̀ Ọmọ ni Òṣùwọ̀n Bàtà Eré Ìje

Ọ̀rọ̀ bàtà ni mo mú wá lónìí. Yorùbá máa ń ní bàtà gba ẹsẹ̀; a kì í ní ẹsẹ̀ gba bàtà. Èdè wa ti tipa báyìí fi ẹsẹ̀ ṣe ọ̀gá, ìtàn eré ìje sì jẹ́rìí sí i.

Ní 1954, Emmanuel Ifeajuna díje nínú ìfògasókè ní Vancouver, ní Kánádà. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wọ̀, ní ẹsẹ̀ òsì. Ó fo ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 8, ó sì di adúláwọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Ní Róòmù ní 1960, Abebe Bikila ará Etiópíà kò rí bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó sá eré máratọ́ọ̀nù láìwọ bàtà, ó sì borí. Ní Tokyo ní 1964, ó wọ bàtà, ó tún borí.

Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ó wú mi lórí jù. Ní 2022, ó farapa ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà eré, ó sì béèrè bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Bàtà àwọn tí ń sáré ọ̀nà jíjìn ni ó wọ̀ sá eré àfogi 100 mítà ní Oregon, ní Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ni ó fi sá a. Kò sí obìnrin tí ó yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn kan ṣàríwísí bàtà náà, ṣùgbọ́n òfin gbà á láàyè.

Kí ni èyí kan Ìlàjẹ? Àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947 jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n sì ń ṣe bàtà. Ṣùgbọ́n afárá pákó, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, òkun sì ti gbé púpọ̀ nínú ìlú náà lọ. Ọmọ tí ń fi ibẹ̀ kọ́ eré nílò bàtà fífúyẹ́ tí kì í yọ̀ lórí pákó tútù, tí ó sì tètè ń gbẹ. Bàtà onírin ṣóńṣó, ti pápá ìje ni.

Òbí tí ó bá lọ ra bàtà ní Igbókòdá, ìbáà jẹ́ òkìrìkà, kí ó mú ọmọ náà dání. Ẹ wọn ẹsẹ̀ méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀. Ọmọ ìka kò dọ́gba, ẹsẹ̀ pàápàá kì í sábà dọ́gba. Èyí tí ó tóbi jù ni kí ẹ fi ra bàtà. Kí àyè tí ó tó ìbú àtàǹpàkò wà níwájú ọmọ ìka tí ó gùn jù, kí gìgísẹ̀ má sì yọ jáde. Ẹ má ra èyí tí ó tóbi rẹpẹtẹ nítorí pé ọmọ ń dàgbà: ẹsẹ̀ tí ń yọ́ nínú bàtà kò ní pẹ́ bó. Ẹ jẹ́ kí ó sáré díẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Orúkọ tí a kọ sí ara bàtà kọ́ ni yóò sá eré náà.